Ààrò Mẹ́ta Ni, Kì Í Ṣe Eku Méjì

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Sabon Gari, ní Zaria, ni mo tún ti gbọ́ ọ. Wọ́n ti ṣàdúrà tán, ọmọ ti gba orúkọ, wọ́n ń pín ẹran. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan rí ìwé tí mo há mọ́ abíyá, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ilé-ẹ̀kọ́ yẹn náà lo ṣì ń lọ?" Mo ní, "Òun náà ni, sà." Ó mi orí. Ó ní, "Ìwọ tí o ń ṣe tíṣà, tí o wà nílé ọkọ, tí ọmọ mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ, o tún ń lé oyè kẹ́místírì. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀." Àwọn tó jókòó tì wá ní, "Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn." Èmi náà ní, "Mo gbọ́, sà," nítorí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ni, ọjọ́ ayọ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n mo gbé èsì mi délé. Òun ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Ní yàrá àwọn olùkọ́, wọ́n á sọ ọ́. Nínú mọ́tò Kano, wọ́n á sọ ọ́. Ní mọ́sálásí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí ìsọ̀ aṣọ, wọ́n á sọ ọ́: ẹni tó bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ti ní ìdílé, kó gbàgbé oyè másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kó mú ọ̀kan, kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn tó fẹ́ràn wa ni, wọ́n rí i pé ó ti rẹ̀ wá, àánú wa sì ń ṣe wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dunni ju èébú lọ. Òwe náà dára. Ibi tí wọ́n ń lò ó sí ni kò dára.

Kí n tó dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu wọn sọ tiwọn bó ṣe yẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo bu ọ̀rọ̀ wọn kù. Wọ́n ní sáyẹ́ǹsì kò dà bí ìwé tí èèyàn lè kà lórí ibùsùn nígbà tí ọmọ bá sùn. Láàbù ń bẹ, ara rẹ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ohun tí o sì gbé ka iná kò ní dúró dè ọ́ títí ìpàdé àwọn òbí yóò fi parí. Wọ́n ní iṣẹ́ oṣù ti gba ọ̀sán, ọmọ ti gba alẹ́, wákàtí wo ló kù fún ìwádìí? Wọ́n ní owó tí èèyàn ń fi ra kẹ́míkà, tó ń fi san owó ẹ̀rọ, owó ilé-ìwé ọmọ ni. Wọ́n ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ kì í sí nílé ní Sátidé, tí bàbá rẹ̀ ń sùn sórí ìwé, ìyà ló ń jẹ. Wọ́n ní ìgbà èwe ni ọpọlọ ń mú, ẹni tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún kò lè bá ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún du ìmọ̀. Paríparí rẹ̀, wọ́n á nawọ́ sí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí, kò sì sí àdúgbò tí irú wọn kò sí. Ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà níkọ̀ọ̀kan, ká wò ó bóyá yóò dúró.

Láàbù ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé sáyẹ́ǹsì kò gba ẹni tó níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ rò pé ṣe ni onísáyẹ́ǹsì ń dúró ti igò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ta ló sọ fún wọn? Èyí tó pọ̀ jù nínú sáyẹ́ǹsì, ìdúródè ni. Ní Samaru, ní Zaria níbí, níbi tí Yunifásítì Ahmadu Bello wà láti ọdún 1962, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí à ń pè ní IAR ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọkà bàbà fún àyẹ̀wò. Àkókò òjò kan ṣoṣo ni a ní nílẹ̀ yìí lọ́dún. Ẹni tó bá gbin ohun àyẹ̀wò rẹ̀ nígbà tí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó di ìgbà ìkórè kó tó mọ ohun tó rí. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ lohun tó rí, ó di ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, ó di òjò ọdún mìíràn. Ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn, tí kò láya, tí kò bímọ, ṣé òjò yóò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún nítorí tirẹ̀ ni?

Samaru kan náà ni CERT wà, ilé ìwádìí ọ̀rọ̀ agbára ti yunifásítì náà. Rìákítọ̀ kékeré kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún 2004. Wọ́n máa ń gbé iyẹ̀pẹ̀ tàbí ewé sínú rẹ̀ láti mọ àwọn èròjà tó wà nínú wọn. Bí wọ́n bá yọ ọ́ jáde, àwọn èròjà kan wà tí kò ṣeé kà lọ́jọ́ náà. Ìtànṣán àwọn tí kì í pẹ́ kú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ti àwọn tó ń pẹ́ tó hàn ketekete. Kò sí àìsùn tó lè gé ọjọ́ wọ̀nyẹn kúrú. Nínú iṣẹ́ tèmi, alẹ́ Fúráìdè ni mo máa ń rẹ igò sínú ásíìdì kí ó lè mọ́ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Igò ń wẹ̀ nínú ásíìdì, èmi ń wẹ ọmọ. Kí ni ọ̀kan gbà lọ́wọ́ èkejì?

Sáyẹ́ǹsì kò béèrè gbogbo wákàtí wa. Wákàtí rẹ̀ gan-an ló ń béèrè, pé kí á má ṣe pa á jẹ. Ta ló wá mọ bí a ṣe ń ṣọ́ wákàtí ju ìyá tó ń jí lóru lo oògùn fún ọmọ, tí kò fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀ ẹ́? Ta ló mọ̀ ọ́n ju nọ́ọ̀sì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní agogo méje géérégé?

Ẹni tí wọ́n sì ń fi wé wa pé òun ló ráyè, ṣé lóòótọ́ ló ráyè? Ẹ rántí ọdún 2022. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì; ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn jìn fún ẹ̀kọ́ nìkan, ilé òbí ni wọ́n padà sí, wọ́n jókòó. Àwa tí a níṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ wa, a ń gbowó oṣù, a ń ka ìwé lálẹ́, a sì ń tọ́jú ohun tí a fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí padà, ta ló wá dá ẹsẹ̀ dúró? Ẹni tó ní ààrò kan ṣoṣo ni iná rẹ̀ máa ń kú pátápátá.

Wọ́n ní iṣẹ́ ń jí àkókò ìwádìí. Èmi ní iṣẹ́ ló ń bí ìwádìí. Inú Birnin ni mo ti ń kọ́ ọmọ, nínú ìlú àtijọ́ ti Zaria tí odi yí ká nígbà kan rí, kò jìnnà sí Kofar Doka. Ní ọdọọdún, bí òjò bá ti ń le, àga á máa ṣófo ní kíláàsì mi. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru. Mo tẹ̀lé àwọn ọmọ dé ilé wọn. Ní ilé tó pọ̀, kànga wà ní àgbàlá, ṣalángá wà ní àgbàlá kan náà, ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Mo dúró ti kànga kan, mo ń wo obìnrin tó ń fi gúgà fa omi, mo bi ara mi pé: kí ló ń bẹ nínú omi yìí? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi lọ sí Samaru. Ìwé kọ́ ló fi hàn mí, alámòójútó kankan kọ́ ló fún mi. Kíláàsì tó ṣófo ló fún mi.

Omi tó bá gba ìdí ṣalángá kọjá máa ń gbé náítrétì. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, sísè kì í lé e lọ. Àjọ ìlera àgbáyé ní kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan, nítorí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún lè má rí afẹ́fẹ́ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ara rẹ̀ sì yí padà di aláwọ̀ aró. Ìyá ọmọ ọwọ́ ni mo jẹ́ nígbà tí mo kà á. Ẹ má sọ fún mi pé ọmọ ń mú ọkàn kúrò lórí ìwé. Ọmọ ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí ìwé náà fi wà.

Ohun kan tún wà tí ẹni tí kò gbé Birnin rí kò lè mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ń pa kulle mọ́, àṣà pé kí obìnrin máa wà nínú ilé. Ọkùnrin àjèjì kì í kọjá zaure, yàrá àbáwọlé níbi tí baálé ti ń gbàlejò. Inú ilé lọ́hùn-ún ni kànga wà, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀wé jù lọ ní Samaru, tó ráyè láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹnu zaure ni yóò dúró sí. Èmi kí wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ní, "Malama, shigo." Mo wọlé. Mo fa omi, mo wọn bí kànga ṣe jìn sí ṣalángá, mo jókòó lórí ẹní, wọ́n sọ fún mi ìgbà tí omi náà máa ń yí àwọ̀ padà. Oyún àti ọmọ tí wọ́n ní yóò dí mi lọ́wọ́, àwọn ló ṣílẹ̀kùn fún mi.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Ní nǹkan bí ọdún 1949 sí 1950, M. G. Smith, ọmọ Jàmáíkà, wá ṣe ìwádìí nípa àwùjọ Hausa ní Zaria fún oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Mary, bá a wá. Mary ló ráyè jókòó ti ìyá àgbà kan, Baba, ọmọ Karo, tó sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìwé tó ti ibẹ̀ jáde ní 1954 ṣì wà lára ohun tó ṣe pàtàkì jù tí ayé mọ̀ nípa obìnrin Hausa. Ta ló mú ìwádìí yẹn ṣeé ṣe bí kì í bá ṣe ìdílé tí olùwádìí gbé dání wá?

Ọ̀rọ̀ owó kò gba àlàyé púpọ̀. Wọ́n ní kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀ ká lè gbájú mọ́ ẹ̀kọ́. Kí ni a ó wá fi ra ásíìdì? Ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi owó àpò ara wọn ṣe ìwádìí, owó oṣù ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nínú láàbù. Ẹni tó bá ní kí n ju iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìwádìí, ó ní kí n gé igi tí mo jókòó lé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ibẹ̀ ló ń dunni jù. Ẹ jẹ́ kí n bi àwọn ará ilé mi, àwa Yorùbá tó wà ní Sabon Gari láti ìgbà tí rélùwéè ti gbé àwọn bàbá wa wá síhìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ìyá wo nínú àwọn ìyá wa ló jókòó sílé lásán? Alhaja tó ń ta aṣọ, tó ń lọ ra ọjà ní Kantin Kwari ní Kano, tó bí ọmọ mẹ́fà, ta ló pòwe eku méjì fún un rí? Àlùfáà tó ń kéwú, tó ń ránṣọ, tó sì ní oko ní ẹ̀yìn ìlú ńkọ́? Nínú Birnin pàápàá, obìnrin tó wà ní kulle ń fún òróró ẹ̀pà, ó ń ṣe kuli-kuli, ọmọ rẹ̀ ń gbé e jáde lọ tà. Kò sẹ́ni tó ní kó yan ọ̀kan. Akíkanjú ni wọ́n ń pè é. Ó wá di ìgbà tí ohun tó wà lọ́wọ́ obìnrin bá di ìwé sáyẹ́ǹsì kí òwe eku tó jáde. Bí ó bá jẹ́ ire ọmọ là ń rò lóòótọ́, kí ló dé tí ọjà kì í fìyà jẹ ọmọ, tí láàbù nìkan ń fìyà jẹ ẹ́?

Ní Kano tó múlé gbè wá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rabia Salihu Sa'id ti Yunifásítì Bayero wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ló wọlé ọkọ. Ó ti di abiyamọ, ó ti tọ́jú àìsàn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó bẹ̀rẹ̀ yunifásítì nígbà tó di ẹni ọdún 29. Físíìsì ló kọ́, ti afẹ́fẹ́ àti àyíká. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ní ọdún 2015 ó sì gba ẹ̀bùn Elsevier Foundation fún àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì. Ká ní ó gbọ́ràn sí òwe eku ni, ta ni ìbá kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ físíìsì lónìí?

Ẹ jẹ́ ká lọ jìnnà díẹ̀. Marie Curie bí Irène ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1897. Ní ọdún 1900 ó gba iṣẹ́ olùkọ́ nílé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ní Sèvres. Ní oṣù kẹfà ọdún 1903 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ní ìpín nínú ẹ̀bùn Nobel. Iṣẹ́, ọmọ, ìwádìí, ẹ̀ẹ̀kan náà. Ìyà wo ló jẹ Irène? Irène fúnra rẹ̀ gba Nobel nínú kẹ́místírì ní 1935. Ta ló sì ń gbé ọmọ náà nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ro òkúta lórí iná? Bàbá ọkọ rẹ̀ ni, Eugène Curie, dókítà tó kó wá bá wọn gbé lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀. Bàbá àgbà kò pòwe fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹnìkejì. Láti ọdún 1902, Albert Einstein ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Bern, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ní 1904 ó bí ọmọkùnrin. Ní 1905 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Zürich. Ìyàwó rẹ̀, Mileva Marić, tí wọ́n jọ kọ́ físíìsì nílé-ẹ̀kọ́ kan náà, ló gbé ilé ró. Òun kò gba oyè kankan títí ó fi kú. Nínú ilé kan náà, iṣẹ́ àti ọmọ kò dí ẹnì kan lọ́wọ́, wọ́n sì dí ẹnì kejì pa. Ṣé eku ló yàtọ̀ ni, àbí ọwọ́ tó ń ran ọdẹ lọ́wọ́?

Ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí wà ní Samaru fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Deborah Enilo Ajakaiye gboyè físíìsì ní Ìbàdàn lọ́dún 1962. Ọdún mẹ́jọ kọjá kó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì ilẹ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ní 1970. Ọdún mẹ́wàá tún kọjá kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1980, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní gbogbo Áfíríkà. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin rẹ̀ ló jọ ṣe máàpù agbára òòfà ilẹ̀ Nàìjíríà, irú èyí tí a fi ń mọ ibi tí ohun àlùmọ́nì àti omi abẹ́ ilẹ̀ wà. Ilẹ̀ tó wọ̀n ti wà kí ẹ̀dá tó wà. Kò béèrè ọmọ ọdún mélòó ni ẹni tó wá wọ̀n ọ́n.

Birnin gan-an ń ta ko èrò yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ wo mọ́làámù nínú zaure rẹ̀: ìwé wà níwájú rẹ̀, fìlà tó ń rán wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ń ṣeré létí aṣọ rẹ̀, bí òjò bá dé oko ló ń lọ. Ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ tó sì ń kọ́ni. Lẹ́yìn odi Birnin náà, ẹ wo Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, tí wọ́n bí ní 1793 tó kú ní 1864. Ó lọ́kọ, ó bímọ, ó kọ̀wé ní èdè Lárúbáwá, Fulfulde àti Hausa, ó sì dá ẹgbẹ́ olùkọ́bìnrin tí à ń pè ní Yan Taru sílẹ̀ kí ẹ̀kọ́ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin inú ilé. Ní ìlú tí a ti ń gbé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ̀gẹ̀, ta ló gbé e wá pé ọkàn tó ní ìdílé kò lè gba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀?

Ó ku àwọn tó já sílẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n, mo sì jẹun pẹ̀lú wọn. Mo mọ ọkùnrin kan tí àpilẹ̀kọ rẹ̀ wà lórí tábìlì alámòójútó fún oṣù mọ́kànlá, tí kò sẹ́ni tó ṣí i wò. Mo mọ obìnrin kan tí ohun àyẹ̀wò rẹ̀ bàjẹ́ nínú fíríìjì nígbà tí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ ẹnì kan tí owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ sókè mọ́ lọ́wọ́ nígbà tó ku díẹ̀ kó parí. Ẹ bi wọ́n, kò sí ọ̀kan tí yóò sọ fún yín pé ọmọ òun ló dá òun dúró. Ilé tó ń jò, ṣé ayálégbé ni a ó bá wí? Ibi tí òwe eku ti ń ṣe wá ní jàǹbá jù nìyí. Gẹ́rẹ́ tí a bá ti pa á, ẹjọ́ parí: ọdẹ ló jẹ̀bi, òun ló lójú kòkòrò. Kò ní sẹ́ni tí yóò béèrè ìdí tí láàbù fi ń wà ní títì ní Sátidé, ìdí tí alámòójútó kì í fi dáhùn, ìdí tí kò fi sí ibi tí a lè gbé ọmọ sí nítòsí ibi tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Òwe tó yẹ kó la ojú wa ló ń dì wá lójú.

Ní Sátidé kan, kò sí ẹnì kankan nílé tí ìbá gba ọmọ lọ́wọ́ mi, mo bá kó wọn dání lọ síbi kànga. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló gba bírò lọ́wọ́ mi. Mo ń pe nọ́ńbà, ó ń kọ ọ́ sórí igò. Nígbà tí a dé orí igò kẹtàlá, ó bi mí pé, "Mọ́mì, èyí tí omi ẹ̀ dáa jù ńkọ́?" Mo ní a kò ì tíì mọ̀, ojú kò lè rí i, a gbọ́dọ̀ gbé e lọ wọ̀n. Ó wo igò náà sí oòrùn, ó wò ó títí. Ó ní, "Torí ẹ̀ lẹ ṣe ń lọ sí Samaru." Àwọn igò wọ̀nyẹn ń bẹ nínú láàbù pẹ̀lú ìwé ọwọ́ ọmọdé lára wọn, lẹ́tà kan tóbi, ìkejì kéré. Nínú iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, ẹ bá mi ya èyí tó jẹ́ ti ìyá, èyí tó jẹ́ ti tíṣà àti èyí tó jẹ́ ti onísáyẹ́ǹsì sọ́tọ̀. Kò ṣeé yà.

Nítorí náà, mo ń sọ ọ́ ní gbangba, mi ò fi bò mọ́: kì í ṣe eku méjì là ń lé. Ẹni tó níṣẹ́, tó ní ìdílé, tó sì ń ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ọdẹ tí ojú rẹ̀ pínyà. Ààrò mẹ́ta ló gbé kalẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń fún un ní ìbéèrè àti owó, ìdílé rẹ̀ ló ń fún un ní ìdí àti ilẹ̀kùn tó ṣí, ìmọ̀ rẹ̀ ló ń dá iṣẹ́ àti ìdílé lóhùn. Ẹ yọ ọ̀kan, ìkòkò á dojú dé. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kò ní dà nù, nítorí ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Mi ò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò ní fi ọmọ sílẹ̀. Mi ò ní fi kẹ́místírì sílẹ̀. Àwọn tó dà bí èmi káàkiri Zaria, ní Tudun Wada, ní Kongo, ní Basawa, ní Shika, kí wọ́n má ṣe fi èyíkéyìí sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mi ò fèsì lọ́jọ́ yẹn. Èsì mi nìyí, sà. Ààrò ti wà nílẹ̀, ìkòkò ti wà lórí rẹ̀. Ẹ fi òwe eku sílẹ̀ fún ọdẹ, kí ẹ wá bá wa ko igi síná.